Ẹ̀wù Méjì: Ìfura, Ẹ̀rí, àti Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Alágbára Ìkọ̀kọ̀

ÌWÁÀSÍ KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó pamọ́, Ẹni tí ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn ń gbà ní ìkọ̀kọ̀ kò ṣókùnkùn sí. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń sá di Í kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti aburú iṣẹ́ ọwọ́ wa. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń gba ẹ̀yin àti ara mi níyànjú pé kí á páyà Ọlọ́hun, kí á sì máa ṣọ́ ahọ́n wa, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a sọ tí a kò kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kì í dé iwájú wa. Bí a bá ti kírun tán, ẹnìkan á fa fóònù rẹ̀ yọ, á ní kí á wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun: pé àwọn ènìyàn díẹ̀ kan wà ní òkèèrè, tí wọ́n jókòó sí yàrá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí wọ́n ń pinnu ẹni tí yóò jọba, ogun tí yóò bẹ́ sílẹ̀, àrùn tí yóò tàn ká, àti iye ọmọ tí àwa yóò bí. Nígbà náà ni àwùjọ á pín sí méjì. Apá kan á bú sẹ́rìn-ín, wọn á ní orí ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ wá ti dàrú. Apá kejì á mi orí, wọn á ní ọ̀rọ̀ náà ní ọwọ́ kan ejò nínú, wọn á sì ti fi í ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn kí wọ́n tó wọ bàtà wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, nínú apá méjèèjì yìí, èwo ni ó ṣe ohun tí Ìsìláàmù fẹ́? Kò sí èyí tí ó ṣe é. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín kò wádìí. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ kò wádìí. Àṣẹ tí Ọlọ́hun sì pa fún wa nínú Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 6, ni pé bí aṣebi bá mú ìròyìn wá fún wa, kí á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kí á má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn ènìyàn ní ibi, kí á wá di alábàámọ̀ lórí ohun tí a ṣe. Àṣẹ náà kò ní kí á jù ú nù láìwò ó. Kò sì ní kí á gbé e mì láìjẹ ẹ́. Ó ní kí á wádìí.

Rìkíṣí wà láyé

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ń ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó ń sọ, pé àwọn alágbára máa ń gbìmọ̀ ìkà ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe ohun àjèjì sí Àlùkùránì. Sūratul-Anfāl, ẹsẹ 30, rán wa létí bí àwọn aláìgbàgbọ́ ìlú Mọ́kà ṣe gbìmọ̀ lórí Ànábì wa: bóyá kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, bóyá kí wọ́n pa á, bóyá kí wọ́n lé e jáde. Àwọn tí wọ́n sì jókòó sí ìpàdé náà kì í ṣe jàǹdùkú ìgboro. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú Kùráéṣì ni, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé wọn tí à ń pè ní Dār an-Nadwah. Sūratut-Tawbah, ẹsẹ 107, tún sọ nípa àwọn munáfìkí tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí láti fi ṣe ìpalára. Ẹni tí ó wo ilé náà láti òde, mọ́ṣáláṣí ni ó rí. Ète láti fọ́ àwọn mùmíní sí wẹ́wẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní ayé òde òní náà, ẹ̀rí kò wọ́n. Ní ọdún 1932, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní agbègbè Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 jọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbẹ̀ tálákà. Àrùn syphilis, tí í máa ń ti ara ìbálòpọ̀ wọlé, wà lára 399 nínú wọn. Kò sí lára 201 yòókù. Wọ́n sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára, àti pé ìtọ́jú ni àwọn ń fún wọn. Wọn kò tọ́jú wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni bí àrùn náà yóò ṣe máa ba ara ènìyàn jẹ́ títí ikú. Nígbà tí ó fi di ọdún 1947, pẹnisílíìnì ti di oògùn tí àwọn dókítà fi ń wo àrùn yìí sàn. Síbẹ̀ wọn kò fún wọn. Ogójì ọdún ni ó gbà, títí di ọdún 1972, kí wọ́n tó dá a dúró. Ààrẹ Bill Clinton tọrọ àforíjìn lórúkọ ìjọba ní ọdún 1997. Bí ẹnìkan bá dìde ní ọdún 1950, tí ó ní ìjọba ń wo àwọn aláwọ̀ dúdú níran kí àrùn lè pa wọ́n, ta ni kò ní pè é ní wèrè? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òtítọ́ ni ì bá máa sọ.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa níbí, àrùn yírùnyírùn jà ní Kano ní ọdún 1996. Ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer wá dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba oògùn tuntun, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá nínú wọn kú, àwọn kan sì yè pẹ̀lú àbùkù ara. Àwọn òbí ní a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà fà títí di ọdún 2009, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano lè parí rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá rí ẹni tí ó ń fura sí àwọn alágbára, kí á má yára rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa ní ìfura loògùn àgbà. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn tí ó sá, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ẹ̀wù méjì

Ṣùgbọ́n oògùn, bí a bá lò ó kọjá ìwọ̀n, májèlé ni. Ọlọ́hun tí ó sọ fún wa pé rìkíṣí wà, Òun náà ni ó sọ nínú Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 12, pé kí á jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò àbá, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni apá kan èrò àbá. Báwo ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀?

Nínú Sūratu Yūsuf, ẹ̀wù méjì wà tí ó yẹ kí a máa rántí. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n Yūsuf gbé wá bá bàbá wọn lálẹ́, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́ lára rẹ̀, tí wọ́n ń sunkún pé ìkookò ti pa á jẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe pé tó: omijé wà lójú, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ, wọ́n pọ̀ ní iye, ẹnu wọn sì kò. Síbẹ̀ irọ́ ni. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì sọ pé ohun tí ó tú wọn fó ni pé ẹ̀wù náà kò ya. Irú ìkookò wo ni yóò jẹ ọmọ tán tí kò ní fa aṣọ rẹ̀ ya?

Ẹ̀wù kejì ni èyí tí Yūsuf wọ̀ nílé ọ̀gá rẹ̀ ní Íjíbítì. Ìyàwó ọ̀gá fẹ̀sùn kàn án. Obìnrin náà jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú. Yūsuf jẹ́ ẹrú tí a rà lọ́jà. Ẹlẹ́rìí kan dìde nínú àwọn ará ilé obìnrin náà gan-an, ó ní kí wọ́n wo ẹ̀wù: bí ó bá jẹ́ iwájú ni ó ti ya, obìnrin ni ó sọ òtítọ́, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni ó ti ya, obìnrin purọ́, Yūsuf ni olódodo. Wọ́n wò ó. Ẹ̀yìn ni ó ti ya.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí ohun tí ẹlẹ́rìí yìí ṣe. Ará ilé obìnrin náà ni, kò sì torí ẹbí gbè é. Kò ní nítorí pé obìnrin náà jẹ́ ọlọ́lá, kò lè hùwà ìkà. Kò sì ní nítorí pé ó jẹ́ ọlọ́lá, òun náà ni yóò jẹ̀bi dandan. Kí ó tó wo ẹ̀wù ni ó ti sọ ohun tí yóò dá apá kìíní láre àti ohun tí yóò dá apá kejì láre. Èyí ni ọkàn tí ó ṣí sílẹ̀. Ọkàn tí ó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ilé tí kò nílẹ̀kùn, tí ohunkóhun lè wọlé nígbàkigbà, ilé tí ó nílẹ̀kùn ni, tí onílé ń béèrè lọ́wọ́ àlejò pé, "Ta ni ọ́, kí ni o mú wá?" kí ó tó ṣí i.

Ẹ tún wo ìwà Ànábì Ya‘qūb. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ òun purọ́, ó sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò hùmọ̀ ìtàn mìíràn dípò tiwọn. Ó sọ ìwọ̀n ohun tí ó mọ̀, ó fi sùúrù dúró lórí ohun tí kò mọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní kí wọ́n lọ wádìí Yūsuf àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Bí a bá ti mọ̀ pé àwọn aláṣẹ purọ́ fún wa lórí ọ̀rọ̀ kan, ìtàn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi rọ́pò rẹ̀ ni a ó gbà. Mímọ̀ pé irọ́ ni èyí kò sọ ìyẹn di òtítọ́.

Kí á má sì gbàgbé ìkookò tí wọ́n dárúkọ nínú ìtàn náà. Kò jẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àhesọ ń ná wa

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Kano. Ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ ní ìhà Àríwá pé àwọn aláwọ̀ funfun ti fi oògùn tí ń sọ ọmọbìnrin di àgàn sínú àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, kí mùsùlùmí má baà pọ̀ sí i. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dá ètò àjẹsára náà dúró. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn bíi Kaduna àti Zamfara náà fà sẹ́yìn. Àwọn òbí tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996 ṣì wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹjọ́ kan ni wọ́n mú tí wọ́n fi pa ẹ̀wù ẹjọ́ mìíràn.

Àrùn kò dúró de àríyànjiyàn. Láti Àríwá Nàìjíríà ó kọjá sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti lé e lọ tẹ́lẹ̀. Ó dé Sudan, ó dé Yemen, ó dé Indonesia. Ní ọdún 2006, àwọn ọmọ tí ó mú ní Nàìjíríà nìkan lé ní 1,000. Kano ti padà sẹ́nu ètò náà ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ oògùn wò, tí wọ́n sì gba àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí mùsùlùmí pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ó di Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn náà tí ó wà látilẹ̀wá.

Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rín kọ́ ni ó mú àwọn òbí wọ̀nyẹn yí ọkàn padà, bẹ́ẹ̀ ni ìbúra kọ́. Ìwádìí ni, àti ọwọ́ tí wọ́n lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ sì kíyè sí ẹni tí ó san owó ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe àwọn alágbára òkèèrè. Kì í ṣe àwọn tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà lórí àga wáàsí tàbí lórí rédíò. Ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́ta ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án. Àwọn ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí ó sọ àhesọ di òfin náà ní ìpín tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dúró níwájú Ọlọ́hun tí wọ́n ń béèrè ẹsẹ̀ wọn, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á wà nínú ẹni tí yóò dáhùn.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tí ó ní: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn létí, ó sì dàbí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ìyá arúgbó mélòó ni wọ́n ti fi irú èrò yìí lé kúrò nílé ọkọ, tí wọ́n nà, tí wọ́n sọ lókùúta, nígbà tí ó jẹ́ pé ibà ni ó pa ọmọ? Pé nǹkan méjì tẹ̀lé ara wọn kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Àwọn bàbá wa kan náà ni wọ́n sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe kejì yìí ni ó sún mọ́ Sunnah, nítorí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ́ wa pé ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀sùn tí a kà sí gbogbo ìran lọ́rùn

Ìpele kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ, òun ni kí á má fẹ̀sùn kan ẹni tí a lè dárúkọ, ṣùgbọ́n kí á kà á sí gbogbo ìran kan lọ́rùn. Ní ọdún 1903, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Rọ́ṣíà, tí ó ní òun ni àkọsílẹ̀ ìpàdé ìkọ̀kọ̀ àwọn àgbà Yahúdì tí wọ́n fẹ́ jọba lórí gbogbo ayé. Ní ọdún 1921, ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù gbé e síta pé ayédèrú ni: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n jí kó láti inú ìwé kan tí Maurice Joly, ará Faransé, kọ ní ọdún 1864 láti fi bẹnu àtẹ́ lu olórí ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yahúdì kọ́ ni Joly ń sọ. Síbẹ̀ ìwé ayédèrú náà kò kú. Hitler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lò ó láti fi gbin ìkórìíra. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi parí, wọ́n ti pa Yahúdì bíi mílíọ̀nù 6.

Àwọn mùsùlùmí kan ṣì ń ka ìwé yìí bí òtítọ́ títí di òní, nítorí ìbànújẹ́ ọkàn wọn lórí ọ̀rọ̀ Palestine. Ìbànújẹ́ náà ní ìdí. Ìwé náà kò ní. Sūratul-Mā’idah, ẹsẹ 8, kìlọ̀ fún wa pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn ènìyàn kan má sún wa débi tí a kò fi ní ṣe déédéé. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì sì sọ ohun tí ó fa sísọ̀kalẹ̀ ẹsẹ 105 sí 113 nínú Sūratun-Nisā’: ọkùnrin kan nínú àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní mùsùlùmí ní Mọ̀dínà jí ẹ̀wù ogun, ó gbé e sílé Yahúdì kan, àwọn ẹbí rẹ̀ sì wá bá Ànábì kí ó gbèjà ọmọ wọn. Gbogbo ojú ni ó ń wo Yahúdì náà. Ọlọ́hun sọ ẹsẹ kalẹ̀ láti òkè sánmà láti fi dá aláìṣẹ̀ náà láre, Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ tí ó wá sọ ọ́ lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹrù irọ́ ńlá ni ó gbé sórí ara rẹ̀. Bí Ọlọ́hun kò bá gbà kí á purọ́ mọ́ Yahúdì kan lórí ẹ̀wù kan, báwo ni yóò ṣe gbà kí á purọ́ mọ́ gbogbo wọn lórí gbogbo ayé?

Ẹ gbọ́ ti Illuminati tí ó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹgbẹ́ náà wà rí lóòótọ́. Adam Weishaupt, olùkọ́ kan ní yunifásítì Ingolstadt ní Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Karùn-ún ọdún 1776. Aláṣẹ ilẹ̀ náà fòfin de irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1784 àti 1785, ẹgbẹ́ náà sì túká. Ẹni tí ó bá ní ó ṣì ń ṣàkóso ayé títí di òní, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa ń rí ni pé àwọn oníjìbìtì ń lo orúkọ náà láti gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ yára là, àti pé bí ọmọ aládùúgbò bá ti ra ọkọ̀, àwọn kan á ti fi orúkọ náà pè é. Irọ́ mọ́ni ni èyí, kì í ṣe ìṣọ́ra.

Ìbéèrè mẹ́ta

Nítorí náà, bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ wa, kí á béèrè ohun mẹ́ta.

Èkíní: ta ni ó rí i, kí sì ni ó rí? Ọ̀rọ̀ Tuskegee kò lu síta nípa àbá dídá. Peter Buxtun, òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìlera náà, ni ó tako o láti inú, tí ó gbé ohun tí ó mọ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn. Orúkọ wà níbẹ̀, ìwé wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀. "Wọ́n ní" kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Èkejì: kí ni yóò jẹ́ kí n gbà pé irọ́ ni? Bí ẹ̀rí bá fara hàn, a ní òun ni a ń sọ. Bí ẹ̀rí kò bá sí, a ní wọ́n ti gbé e pamọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ báyìí kò tíì wo ẹ̀wù. Bí iwájú ya, bí ẹ̀yìn ya, ẹjọ́ kan náà ni yóò dá.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò gba àjẹsára, tàbí aládùúgbò tí a bà lórúkọ jẹ́, ẹ̀rí tí a ó béèrè gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ni.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

ÌWÁÀSÍ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ yìí kan ìgbàgbọ́ wa gan-an. Ẹni tí ó bá gbà pé ènìyàn mélòó kan ń darí òjò àti ọ̀dá, ìbí àti ikú, ọlà àti òṣì, tí ohunkóhun kò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ó kíyè sára, nítorí ó ti ń fi ìròyìn tí ó jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan wọ ẹ̀dá. Ẹsẹ inú Sūratul-Anfāl tí a mẹ́nu bà níṣàájú kò parí sórí ète àwọn ọ̀tá; ó parí sórí pé Ọlọ́hun náà ń gbèrò, kò sì sí olùgbèrò tí ó dà bí Rẹ̀. Ànábì sì jáde ní ìlú náà láàárín wọn láìfarapa. Sūratun-Nisā’, ẹsẹ 76, sọ fún wa pé ète Ṣàtánì fúnra rẹ̀, ohun tí kò lágbára ni. Bí ète Ṣàtánì bá rí bẹ́ẹ̀, ti àwọn olówó ńkọ́? Kí á fura sí wọn, kí á bi wọ́n léèrè, kí á gbé wọn lọ sí kóòtù bí ẹ̀rí bá wà. Ṣùgbọ́n kí á má bẹ̀rù wọn bí a ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ẹ tún jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ìdí tí ìtàn alágbára ìkọ̀kọ̀ fi ń dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tù wá nínú. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn kan ní òkèèrè ni wọ́n ba ìlú jẹ́, a jẹ́ pé ọwọ́ tèmi mọ́: èmi tí mo dín òṣùwọ̀n kù lọ́jà, èmi tí mo gba owó kí n tó dìbò, èmi tí mo rí ẹni tí ó kó owó ìlú jẹ tí mo sì fún un ní ìjókòó iwájú níbi àsè. Àwọn wọ̀nyí kò sí ní ìkọ̀kọ̀. Ojú wa ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. Sūratur-Ra‘d, ẹsẹ 11, sì ti sọ fún wa pé Ọlọ́hun kì í yí ohun tí ń bẹ lára ìjọ kan padà títí wọn yóò fi yí ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀mí wọn padà.

Ní ti ẹni tí ó ń mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, bàbá wa ni, ẹ̀gbọ́n wa ni, ọmọ ìyá wa ni. Kí á má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ á lọ sí ibi tí wọn kò ti ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ ni wọn á ti fún un ní irọ́ tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí á jókòó tì í. Kí á gbà níbi tí ó ti jàre, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti jẹ̀bi. Kí á wá sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á jọ wo ẹ̀wù náà."

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, mo gba ìfiránṣẹ́ kan lórí WhatsApp pé irọ́ àwọn olówó ayé ni, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn mi láì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti fi ránṣẹ́. Kíkó o padà ni kò rọrùn. Mo ní láti padà tọ àwọn tí mo fi ránṣẹ́ sí lọ, kí n sọ pé ohun tí mo sọ kì í ṣe òótọ́. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú ayé yìí fúyẹ́ ju ti ọjọ́ tí a ó béèrè lọ́wọ́ etí, ojú àti ọkàn, gẹ́gẹ́ bí Sūratul-Isrā’, ẹsẹ 36, ti kìlọ̀ fún wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti ṣe irú rẹ̀, ìrònúpìwàdà rẹ̀ kò ní pé títí tí yóò fi sọ òtítọ́ fún àwọn tí ó sọ irọ́ náà fún. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti kọ́ wa pé kí ènìyàn máa sọ gbogbo ohun tí ó bá gbọ́ ti tó láti kà á kún òpùrọ́.

Irẹ Ọlọ́hun, fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí O sì fi títẹ̀lé e rọ̀ wá lọ́rùn. Fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí O sì fi jíjìnnà sí i rọ̀ wá lọ́rùn. Irẹ Ọlọ́hun, dáàbò bò wá lọ́wọ́ rìkíṣí àwọn alágbára, kí O sì dáàbò bo àwọn aláìlágbára lọ́wọ́ ahọ́n wa. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn rọ nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, fún wọn ní ohun tí ó dára ju èyí tí wọ́n pàdánù lọ. Ṣe àwọn olórí wa ní olódodo, kí O sì ṣe wá ní ẹni tí ó lè bi wọ́n léèrè láìpurọ́ mọ́ wọn. Kẹ́ Ànábì wa Muhammad, kẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Àámín.

Ẹ dìde, ẹ kírun. Kí Ọlọ́hun ṣàánú yín.